Kí Ni Alátọ̀gbẹ Yóò Jẹ? Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Oúnjẹ Tí Sítáàṣì Rẹ̀ Kò Pọ̀

Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ fún màmá mi pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, èmi ni mo ń dáná fún wọn nílé wa ní Ìbàdàn. Èmi kì í ṣe dókítà. Alásè ni mí, ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń wọn ṣúgà ara ló sì kọ́ mi ní ohun tí mo mọ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn ẹbí, àwọn ará ilé ìjọsìn àti àwọn tí a jọ ń pàdé ní ọjà Bódìjà máa ń bi mí jù. Mo kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ìròyìn àìsàn yìí má bàa rò pé oúnjẹ gidi ti tán fún òun.

Ṣebí ṣúgà ni dókítà ní kí n yẹra fún. Kí ló wá kan iyán àti ẹ̀bà?

Ṣúgà ni iyán máa ń dà bó bá dénú. Ẹ fi iṣu sísè sẹ́nu, kí ẹ máa rún un fún bí ìṣẹ́jú kan láìgbé e mì. Adùn tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ wò yẹn, itọ́ yín ló ti ń sọ sítáàṣì di ṣúgà. Inú á parí iṣẹ́ náà, ṣúgà ọ̀hún á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ínsúlínì, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe, ló yẹ kó kó o kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ lọ síbi tí ara ti máa lò ó. Lára ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kejì, ínsúlínì wà, ṣùgbọ́n ara kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu mọ́ bó ṣe yẹ, nígbà tó bá sì yá, kì í tó mọ́. Lára ẹni tó ní irú kìíní, ara kì í ṣe é mọ́.

Ẹ wo bí oúnjẹ ṣe yàtọ̀ síra. Nínú 100 gíráàmù iṣu sísè, nǹkan bí 27 gíráàmù ni sítáàṣì. Ìrẹsì jíjinná ní bíi 28. Gààrí gbígbẹ lé ní 80. Ẹyin kan kò ní tó gíráàmù kan, ẹja àti ẹran kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní nǹkan kan, ẹ̀fọ́ tí a bọ̀ kì í sì sábà ju 5 lọ nínú 100.

Ọ̀rọ̀ dídín sítáàṣì kù kì í ṣe àṣà tuntun tó ti orí íntánẹ́ẹ̀tì wá. Ní ọdún 1797, John Rollo, dókítà ológun kan láti Scotland, kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹran ni òun fi ń bọ́ alátọ̀gbẹ, tí òun sì dín oúnjẹ tó wá láti ara ewéko kù. Títí wọ́n fi rí ínsúlínì ní Toronto ní 1921, ọ̀nà oúnjẹ ni gbòógì ohun tí dókítà ní lọ́wọ́.

Ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ lónìí?

Ó kù sọ́wọ́ oògùn tí ẹ ń lò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí.

Bó bá jẹ́ Metformin nìkan lẹ ń lò, ewu pé ṣúgà yín á já wálẹ̀ jù kéré, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún dókítà yín síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ínsúlínì, glibenclamide tàbí glimepiride, ẹ má dín òkèlè yín kù títí ẹ ó fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Ìwọ̀n oògùn tí wọ́n kọ fún yín, ẹ̀bà àná ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Tí ẹ̀bà bá dín kù tí oògùn kò dín, ṣúgà ara á já wálẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀sẹ̀ kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í dín òkèlè màmá mi kù, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn kò sì so kọ́ra. Ẹ̀rọ kọ 52 (mg/dL ni ẹ̀rọ wa fi ń wọ̀n). Mo po ṣíbí kékeré ṣúgà mẹ́rin sínú omi fún wọn, mo jókòó tì wọ́n, mo tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún: 88. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni a lọ rí dókítà, wọ́n sì dín oògùn wọn kù. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà. Mo yí ìkòkò padà, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ mọ èyí sórí: bí ẹ̀rọ bá ti kọ ohun tí kò tó 70, ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹ jẹ tàbí kí ẹ mu nǹkan bí 15 gíráàmù ṣúgà, ìyẹn ṣíbí kékeré mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ tún un wọ̀n. Bí kò bá tíì dé 70, ẹ tún un ṣe. Ẹni tí kò bá mọ ibi tó wà mọ́, tí kò sì lè gbé nǹkan mì, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá.

Àwọn kan tún wà tí kò gbọdọ̀ dá a ṣe: aboyún, ọmọdé, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, àti ẹni tó ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin. Oògùn méjì tí mo dárúkọ gbẹ̀yìn yìí, bí a bá gé sítáàṣì kúrò pátápátá, ẹ̀jẹ̀ lè kan bí ọtí kíkan, àní bí ṣúgà kò bá tilẹ̀ ga. Èébì, inú rírun àti mímí gúlegúle ni àmì rẹ̀.

Mélòó gan-an ni "kò pọ̀"?

Àjọ Diabetes UK ka ohun tí kò tó 130 gíráàmù lóòjọ́ sí oúnjẹ tí sítáàṣì rẹ̀ kò pọ̀. Bí ẹ bá pín in sí ẹ̀ẹ̀mẹta, nǹkan bí 40 gíráàmù ló máa kan oúnjẹ kọ̀ọ̀kan. Ife ìrẹsì jíjinná kan péré ti gbé bíi 45.

Mi ò kí í ka gíráàmù lójoojúmọ́. Mo ka á fún oṣù kan àkọ́kọ́ títí ojú mi fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ni kí ẹ máa bi ní ìbéèrè: ẹ wọn ṣúgà yín kí ẹ tó jẹun, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní wákàtí méjì lẹ́yìn tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, 80 sí 130 kí a tó jẹun àti ohun tí kò tó 180 lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n ń lépa. Dókítà lè fún àgbàlagbà tó ti darúgbó ní òǹkà mìíràn.

Tí mo bá dín òkèlè kù, kí ni yóò yó mi?

Ìbéèrè yìí ló wà nídìí gbogbo ìbéèrè yòókù.

"Iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú." Ẹ tún un gbọ́ dáadáa. Gbogbo ohun tí àwọn àgbà kà sílẹ̀ níbẹ̀, sítáàṣì ni láti òkè délẹ̀. Wọn kò tilẹ̀ dárúkọ ọbẹ̀. Mi ò bá wọn wí, nítorí ẹni tó kọ ebè láti àárọ̀ dọ́sàn-án, tó tún rìn délé láti oko, iyán ti jó tán lára rẹ̀ kó tó sùn. Àwa tí a ń jókòó sẹ́yìn tábìlì, tí a ń wọ ọkọ̀ délé, iyán kan náà la ṣì ń jẹ, ìwọ̀n rẹ̀ kò sì dín.

Ohun tí mo ṣe nílé wa ni pé mo yí ipò padà. Ọbẹ̀ ni oúnjẹ, òkèlè ni a fi ń tì í lẹ́yìn. Ẹ ka ohun tí a ní: ṣọkọ, tẹ̀tẹ̀, gbúre, ewúro, ẹ̀bọ̀lọ̀, amúnútutù, ewédú, ilá, ìgbá, olú, ẹ̀gúsí. Ẹ ka ẹja, panla, edé, ẹran, ṣàkì, ẹyin àti wàrà mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó kó gbogbo èyí jọ tí yóò sọ pé ebi fẹ́ pa òun. Ìṣòro wa ni pé ẹ̀fọ́ ṣíbí méjì la máa ń bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkèlè tó tóbi bí orí ọmọ tuntun.

Ẹ mú àwo pẹlẹbẹ kan. Kí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ẹ̀fọ́. Kí ìlàjì ohun tó kù jẹ́ ẹja, ẹran, ẹyin tàbí wàrà. Ibi tó ṣẹ́kù ni òkèlè ní, kó má sì ju ìkúùkù ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ́kọ́ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹja dé ìdajì kí ẹ tó fọwọ́ kan òkèlè. Oúnjẹ kan náà ni, ṣùgbọ́n ṣúgà kì í fò sókè bíi ti ẹni tó fi òkèlè bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá tún lè rìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ ó rí ìyàtọ̀ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ.

Wọ́n ní àmàlà, wíìtì, èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọ̀fadà kò ní ṣúgà. Ṣé òótọ́ ni?

Rárá o. Ìmọ̀ràn yìí ti ṣe ọ̀pọ̀ ènìyàn níbi, nítorí bí wọ́n bá ti gbọ́ pé "kò ní ṣúgà", wọ́n á jẹ ẹ́ àjẹyó bámúbámú.

Àwọ̀ kì í dín sítáàṣì kù. Iṣu ni èlùbọ́, a bọ̀ ọ́, a sá a, omi rẹ̀ ló gbẹ. Láfún wá láti ara ẹ̀gẹ́. Ìyẹ̀fun wíìtì, ìyẹn àlìkámà, ní nǹkan bí 70 gíráàmù nínú 100. Bó bá jẹ́ odidi ọkà tí wọn kò bó èèpo rẹ̀ ni wọ́n lọ̀, fáíbà rẹ̀, ìyẹn apá ewéko tí inú kì í dà, á pọ̀ ju ti sẹ̀mó lọ, ó sì sàn díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n ní irú sítáàṣì kan tí inú kì í tètè dà, èyí ló mú kó sàn ju ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n lọ, ṣùgbọ́n iná tí a fi ro ó máa ń dín àǹfààní yẹn kù. Ìrẹsì ọ̀fadà tí wọn kò gbo èèpo ara rẹ̀ kúrò ní fáíbà díẹ̀ sí i, sítáàṣì inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìrẹsì funfun.

Mo ti rí i lójú ara mi: òkèlè ọ̀gẹ̀dẹ̀ ńlá méjì gbé ṣúgà màmá mi ga ju ẹ̀bà kékeré kan lọ. Bí ẹ bá fẹ́ràn àmàlà, ẹ jẹ àmàlà. Ìwọ̀n ni kí ẹ ṣọ́.

Báwo ni ẹ ṣe ń ro òkèlè kábéèjì tí kì í fi í ṣomi?

Omi ni kábéèjì fi kún inú, bí ẹ kò bá fún omi yẹn dànù, kò ní dì. Bí mo ṣe ń ṣe é fún ènìyàn méjì rèé.

Mo máa ń mú ìdajì kábéèjì tí kò tóbi jù, nǹkan bí 500 gíráàmù. Mo gé e wẹ́wẹ́, mo fi omi díẹ̀ lọ̀ ọ́ nínú bùlẹ́ńdà títí yóò fi kúnná. Mo dà á sínú aṣọ funfun tó mọ́, mo fún un pẹ̀lú gbogbo agbára ọwọ́ mi. Ìgbà tí ẹ bá rò pé ó ti tán, ẹ tún un fún. Mo wá da ìdàrọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná wẹ́rẹ́, mo ń rò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́ta títí oru rẹ̀ á fi dín. Nígbà náà ni mo máa wọ́n psyllium husk (èèpo hóró ewéko kan tí fáíbà pọ̀ nínú rẹ̀) ṣíbí ìjẹun méjì lé e lórí díẹ̀díẹ̀, tí mo ń ro ó lọ láìdáwọ́ dúró. Lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú márùn-ún, á dì mọ́ ọmọorógùn, á sì ṣeé gé bíi fùfú. Ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́, á tún dì sí i.

Sítáàṣì inú gbogbo kábéèjì yẹn kò ní ju 30 gíráàmù lọ, tí ẹ bá sì yọ fáíbà kúrò nínú rẹ̀, ó kéré sí i, àwo méjì ló sì fún wa. Bí ẹ kò bá rí psyllium, ṣíbí èlùbọ́ méjì péré náà á dì í mú, sítáàṣì rẹ̀ á kàn gbé díẹ̀ sókè. Ẹ máa mu omi dáadáa bí ẹ bá lo psyllium, kí ẹ má sì lo oògùn yín pa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi bíi wákàtí méjì sáàárín wọn, kó má bàa dí oògùn lọ́wọ́.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kì í ṣe iyán. Bí ẹ bá ń retí iyán, ẹ ó bínú sí i. Ilá àti ọbẹ̀ ata ló yẹ ẹ́ jù, kò fi bẹ́ẹ̀ bá ẹ̀gúsí mu. Mo ti fi ìgbá funfun ṣe é bákan náà, mo bó èèpo rẹ̀, mo sì sè é kí n tó lọ̀ ọ́. Èyí tilẹ̀ fẹ́lẹ́ lẹ́nu ju ti kábéèjì lọ.

Aago méje alẹ́ ni mo máa ń dé láti ibi iṣẹ́. Kí ni mo lè sè tí kò ní gba àkókò?

Ilá alásepọ̀. Ìkòkò kan, bí ogún ìṣẹ́jú, ṣíbí la sì fi ń jẹ ẹ́, òkèlè kò pọn dandan.

Fún ènìyàn méjì sí mẹ́ta, ẹ gé ilá tútù bí ogún wẹ́wẹ́. Ẹ gbé ife omi kan ka iná pẹ̀lú àlùbọ́sà, ata rodo tí ẹ gún, irú wóró, edé àti panla tí ẹ ti fi omi gbígbóná rẹ̀. Nígbà tó bá ti hó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ fi epo pupa ṣíbí ìjẹun méjì sí i, kí ẹ gbé ẹja títù tàbí ṣàwá sínú rẹ̀. Bí ẹja bá ti jinná, ẹ da ilá sí i, kí ẹ má sì dé ìkòkò náà, kó má bàa pa àwọ̀ dà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹ da ṣọkọ tàbí gbúre gígé ẹ̀kúnwọ́ méjì sí i, kí ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì. Ilá tó bá pẹ́ lórí iná kì í yọ̀ mọ́.

Ohun tó gbà mí là jù ni ata tí mo máa ń lọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Tàtàṣé, ṣọ̀ǹbọ̀, rodo àti àlùbọ́sà ni mo máa ń lọ̀, mo sì ń sè é títí omi rẹ̀ á fi gbẹ, kí n tó pín in sínú abọ́ kéékèèké sínú fírísà. Ẹni tó bá ní ata yìí nílẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò kò gbà á ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ: ẹ bọ ẹ̀fọ́, ẹ fún un gbẹ, ẹ din ata pẹ̀lú irú àti ẹja gbígbẹ, ẹ da ẹ̀fọ́ lé e. Ẹyin tí a pò mọ́ ata dídín àti ẹ̀fọ́ náà tó oúnjẹ alẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wàrà tí a gé tí a din sínú ata.

Ògì àti àkàrà ni mo fi ń ṣínu láti kékeré. Ṣé kí n fi wọ́n sílẹ̀?

Ẹ dín ògì kù, kí ẹ sì mú àkàrà dání. Sísẹ́ tí a ń sẹ́ ògì, èèpo àti fáíbà àgbàdo la ń sẹ́ dànù, ohun tó ṣẹ́kù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ sítáàṣì pátápátá. Omi ni, kì í sì pẹ́ dénú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀kọ jíjẹ kò yàtọ̀. Màmá mi fẹ́ràn ògì gan-an, ìdajì ife ni wọ́n ń mu báyìí, láìsí ṣúgà, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jẹ mọ́ínmọ́ín tán.

Mọ́ínmọ́ín ọ̀hún, mo máa ń ṣe é ní ẹlẹ́mìí méje gidi: ẹyin, ẹja títù, edé, ohunkóhun tó bá wà nílé. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ẹ̀wà inú ewé kan á ṣe máa dín kù.

Ẹ̀wà ńkọ́? Àwọn kan ní ká jẹ ẹ́, àwọn kan ní ká má jẹ ẹ́.

Ẹ̀wà ní sítáàṣì, bíi 20 gíráàmù nínú 100 gíráàmù ẹ̀wà sísè, ṣùgbọ́n fáíbà àti èròjà amúaradàgbà inú rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ṣúgà rọra wọlé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ìrẹsì àti iṣu lọ fún alátọ̀gbẹ. Nílé wa, ẹ̀wà dípò òkèlè ni. Ẹni tó bá fi búrẹ́dì tàbí dòdò jẹ ẹ̀wà ti jẹ sítáàṣì lórí sítáàṣì. Gbẹ̀gìrì náà, ẹ̀wà ni o, kí ẹ rántí bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ń bù ú lé àmàlà.

Bí sítáàṣì bá dín kù, ṣé mo lè jẹ epo bó ṣe wù mí?

Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Epo kì í gbé ṣúgà ga, ṣùgbọ́n ó ń mú ara sanra, sísanra sì ń mú kí ara ṣàìgbọràn sí ínsúlínì. Epo ṣíbí mẹ́ta tó fún ìkòkò ẹ̀fọ́ tí ènìyàn mẹ́rin máa jẹ. Ẹ ṣọ́ iyọ̀ àti magí náà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ sábà ń jọ rìn. Irú àti edé ni kí ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ adùn.

Èso, oyin, àti ohun mímu?

Ṣúgà ni oyin. Bó ti wù kó jẹ́ ojúlówó tó, ṣúgà ni.

Èso dára bí a bá jẹ ẹ́ lódidi, ìwọ̀nba lẹ́ẹ̀kan. Ọsàn kan ní bíi 15 gíráàmù sítáàṣì àti ṣúgà lápapọ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan lè ní 27. Ní ti ọsàn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fa omi rẹ̀ kí ẹ wá ju ẹran rẹ̀ nù bí a ti ń ṣe. Inú ẹran rẹ̀ ni fáíbà wà. Ẹ bó o, kí ẹ jẹ ẹ́ tán.

Ohun mímu inú ìgò ni mo bẹ̀rù jù. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò: bí wọ́n bá kọ 10 gíráàmù ṣúgà nínú 100ml, ìgò 50cl ti gbé 50 gíráàmù, ìyẹn bíi ṣíbí kékeré méjìlá. Mọ́ọ̀tì tí a ń fún aláìsàn kí ara rẹ̀ lè le wà lára wọn. Sobo tí a fi atalẹ̀ àti kànáfùrù sè, tí a kò fi ṣúgà sí, ni ohun mímu àlejò nílé wa báyìí.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Gààrí ni agbára mi ká.

Mo gbọ́ yín, mi ò sì ní parọ́ fún yín: ẹja wọ́n ju gààrí lọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹja ńlá nìkan ni ẹja. Ṣàwá, edé, orí panla, ẹyin, ẹ̀wà, sóyà, ẹ̀pà, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́. Wàrà sóyà tí àwọn ará Òkè-Ọya ń dín tà lójú títì dára, bí a bá sè é sínú ọbẹ̀ dípò ká dín in. Ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí náà mo gbin gbúre àti ewédú sínú àpò sìmẹ́ńtì lẹ́yìnkùlé, amúnútutù sì ń gun ọgbà wa fúnra rẹ̀.

Sitíríìpù ẹ̀rọ náà wọ́n. Ẹ má fi ṣòfò. Oúnjẹ tuntun kan ni kí ẹ dán wò lẹ́ẹ̀kan, ẹ wọ̀n ọ́n ṣáájú àti lẹ́yìn, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, ẹ kò ní nílò láti tún un wọ̀n lọ́la.

Ṣé ìkòkò ọ̀tọ̀ ni mo máa gbé fún bàbá, tí àwọn ọmọ á sì máa jẹ tiwọn?

Rárá. Ìkòkò kan, àwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọbẹ̀ kan náà ni gbogbo wa ń jẹ, àwọn ọmọ á gba òkèlè tó pọ̀, màmá á gba ẹ̀fọ́ tó pọ̀. Ẹni tí a bá ń gbé abọ́ tirẹ̀ lọ sí kọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ kì í pẹ́ jí gààrí mu.

Níbi ìnáwó ńkọ́?

Ẹ jẹ nǹkan nílé kí ẹ tó jáde. Níbẹ̀, ẹ gba mọ́ínmọ́ín, àsún, ẹja, kábéèjì gígé tí wọn kò tíì da ọ̀rá dídùn sí. Bí wọ́n bá ti bu jọ̀lọ́ọ̀fù wá, ẹ gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀, ẹ jẹ ṣíbí mẹ́ta sí mẹ́rin, kí ẹ jẹ ẹran rẹ̀ tán. Kò sí olùnáwó tó ń ka hóró ìrẹsì inú àwo àlejò.

London ni mò ń gbé. Mi ò rí ṣọkọ, òǹkà ẹ̀rọ mi sì yàtọ̀ sí tiyín.

Spinach inú yìnyín dára fún ẹ̀fọ́ rírò, ẹ kàn ní láti fún omi rẹ̀ dànù ju bí ẹ ti lérò lọ. Kale le díẹ̀, ẹ bọ̀ ọ́ pẹ́. Ní ti òǹkà, mmol ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún: ẹ fi 18 pín tiwa. 70 wa jẹ́ 3.9 tiyín, 180 sì jẹ́ 10.

Mò ń mu omi ewúro àti àgbo. Ṣé mo lè fi oògùn sílẹ̀?

Ẹ má fi oògùn sílẹ̀. Ẹ jẹ ewúro nínú ọbẹ̀ bó ṣe wù yín, ẹ̀fọ́ gidi ni. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lè ja ṣúgà wálẹ̀ mọ́ oògùn lórí, ó sì lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ń mu ún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ń tì yín.

Ààwẹ̀ Ràmàdáánì?

Ẹ rí dókítà ní oṣù kan tàbí méjì ṣáájú, nítorí wọ́n lè ní láti yí àkókò oògùn padà. Ẹ má fo sààrì: ẹyin, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ máa ń pẹ́ nínú ju ẹ̀kọ lọ. Dábínù kan tó láti ṣínu. Bí ṣúgà bá já wálẹ̀ sábẹ́ 70 lọ́sàn-án, ẹ ṣínu lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀sìn yọ̀ǹda fún aláìsàn.

Ìbéèrè kan péré, àǹtí: ṣé màmá yín ṣì ń jẹ iyán?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ Èkìtì ni wọ́n, mi ò lè gba iyán lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù ni, lẹ́yìn ìsìn. Ìkúùkù kan, ẹ̀fọ́ ẹlẹ́gùúsí àwo kan, ìgbín méjì. Wọ́n á kọ́kọ́ jẹ ìgbín àti ẹ̀fọ́ dé ìdajì, wọ́n á wá ṣan ọwọ́ kí wọ́n tó gé iyán. Bí wọ́n bá ti jẹun tán, èmi àti wọn á jọ rìn lọ sí ẹnu géètì, a ó tún rìn padà, lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ẹ̀rọ kọ 163 lẹ́yìn wákàtí méjì, wọ́n sì ní kí n fi han àbúrò wọn lórí fóònù.